Ilé Ìsinmi Nílùú Baba Ẹni: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ilé Ọdún Tó Bá Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó Mu

Ọdún Àjíǹde kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti àwọn àbúrò mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dá owó jọ, a kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù oníyàrá mẹ́rin sí Ìkọ̀lé-Èkìtì, ká lè máa rí ibi sùn tá a bá wálé ọdún. Páànù pupa, fèrèsé gíláàsì, òpó ńláńlá níwájú: ó dùn ún wò nínú fọ́tò. Alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ náà sì tán. Kó tó di aago mọ́kànlá, ooru ti lé gbogbo wa jáde. Ẹ mọ ibi tá a lọ sùn? Ilé alámọ̀ bàbá bàbá wa tó wà lẹ́yìn, èyí tá a ti pinnu pé a máa wó ká lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí.

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àmọ́ ilé tí kò jẹ́ kéèyàn sùn, ìsinmi wo ló wà ńbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábújá, tẹ́ ẹ ń ronú àtikọ́ tiyín.

Kí ni ilé ìsinmi?

Ilé Kérésì, Iléyá, ìnáwó ìdílé àti ọdún ìbílẹ̀ ni. Oṣù tó máa wà ní títì ju oṣù tá a máa gbé inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kò yẹ kó jẹ́ ilé tó gbára lé ẹ̀rọ amúlétutù, kò sì yẹ kí àtúnṣe rẹ̀ máa gbowó ńlá lọ́wọ́ ẹni.

Bí ilé àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú agboolé àtijọ́, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń gbàlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà lèèyàn ń sùn sí nígbà ooru. Atẹ́gùn ń gba àgbàlá wọlé, ìmọ́lẹ̀ náà ń gba ibẹ̀. Tójò bá rọ̀, wọ́n á gbé ìkòkò ńlá sábẹ́ etí òrùlé kí omi lè dà sí i.

Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri. Wọ́n á fẹsẹ̀ po ilẹ̀pa mọ́ omi, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì máa ń bẹ̀. Ògiri náà nípọn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tètè dé inú yàrá. Àjà tí wọ́n fi igi àti amọ̀ ṣe wà lókè orí, òun náà ń dí ooru lọ́wọ́. Ewé gbòdògì tàbí koríko ni wọ́n fi ń bo ilé kó tó di pé owó kòkó ra páànù. Nígbà tí páànù dé tí àjà amọ̀ sì lọ, ooru wọlé.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti iṣẹ́ ọnà

Ilẹ̀kùn àti òpó gbígbẹ́ náà wà lára ìṣẹ̀ṣe ilé kíkọ́ wa. Láàárín 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll ní ibi iṣẹ́ ọnà kan l'Ọ́yẹ̀ẹ́-Èkìtì. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ará Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì wà lónìí. Ẹ fún wọn níṣẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé kan dípò irin tí gbogbo àdúgbò ń lò.

Àwọn tó ti ṣe é

Demas Nwoko, ará Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta, da ilẹ̀pa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì fi kọ́lé. Òun ló ya àwòrán ilé ìsìn àwọn Dominican n'Íbàdàn. Lọ́dún 2023, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Francis Kéré, ará Burkina Faso, fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Gando, tó parí ní 2001. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà bíríkì kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Pritzker lọ́dún 2022. Ṣé ẹ ṣì máa ní ilé amọ̀ jẹ́ ilé òtòṣì?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ tiyín

1. Ìpìlẹ̀: ẹ fi òkúta àti sìmẹ́ńtì ṣe é, kó ga kúrò nílẹ̀. Èkìtì kò ṣaláìní òkúta. Omi ló ń pa ilé amọ̀.
2. Ògiri: bíríkì ilẹ̀pa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí sìmẹ́ńtì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ilé àti ọ̀nà, ti ń polongo rẹ̀ tipẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ díẹ̀, ẹ rẹ wọ́n sómi. Èyí tó bá yòrò, ẹ má fi kọ́lé.
3. Òrùlé: kí etí páànù yọ síta dáadáa kí òjò má baà na ògiri. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín páànù àti àjà.
4. Àgbàlá: bó ti wù kó kéré tó, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ẹ ṣe ojú àgbàrá kí omi lè rí ibi gbà jáde.
5. Fèrèsé: kí wọ́n kọjú síra wọn. Tó bá jẹ́ onígi, ẹ lè pa á dé nígbà ọyẹ́.
6. Ikán: ẹ tọ́jú igi kẹ́ ẹ tó lò ó, torí ilé títì ni ilé ikán.

Ibi tó ti máa ń le ni ọ̀dọ̀ birikilà. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó ti tán ni?" Ẹ wá ẹni tó ti fi bíríkì ilẹ̀pa kọ́lé rí, kẹ́ ẹ sì lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò.

Ní tiwa, a kò wó ilé bàbá mọ́. Páànù tó ń jò la kọ́kọ́ pààrọ̀, torí òjò méjì péré ló kù kí ògiri ẹ̀yìn wó. Ọkọ̀ lè dúró níta. Àwa la nílò ibi sùn.