Ẹlẹ́rìí Mélòó Ni Ìwé Kan? Títọpa Ìran Nínú Ìwé Kọ́ńtì Mobile

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1880 ni Cudjo Lewis àti Celia di tọkọtaya lábẹ́ òfin ní kọ́ńtì Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama. Ẹni tó ń tọpa ìran, tó sì dúró lórí déètì yìí nìkan, yóò kó sí wàhálà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú 1880 ńkọ́? Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyáálé tí kò sí níbì kankan, tàbí kí ó kọ “ọmọ àlè” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ tí bàbá rẹ̀ jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó parí ní 1865 kò tí ì jìnnà tí àwọn méjèèjì ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń bímọ. Ohun tí déètì kan kò lè sọ, àwọn orúkọ tó yí i ká sọ ọ́: àwọn tọkọtaya mìíràn láti àdúgbò kan náà gba ìwé ẹ̀rí lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ará ìlú kan ló kó ara wọn jọ lọ sọ́dọ̀ ìjọba, kí ìjọba fi òǹtẹ̀ lu ohun tí àwọn fúnra wọn ti mọ̀ ní ìgbéyàwó láti ọdún pípẹ́.

Kossola ni orúkọ tí Cudjo gbé wá láti ilé. Abile ni Celia. Nínú oṣù Keje ọdún 1860 ni ọkọ̀ Clotilda kó wọn dé Mobile láti Ouidah, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí iye gbogbo wọn tó nǹkan bí 110. Ó ti pé ọdún 52 nígbà náà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tí a ń pè ní Africatown dó. Sylviane Diouf, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2007, tọ́ka sí ilẹ̀ Yorùbá fún púpọ̀ nínú wọn, ó sì gbé ilé Kossola sí agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Ọ̀rọ̀ kọ́ńtì Mobile kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará òkèèrè fún wa.

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn atọpa-ìran: èwo ló ṣe é gbà gbọ́ jù, ìwé ni tàbí ẹnu àgbà? Lójú tèmi, ìbéèrè náà wọ́. Èyí tó yẹ ká máa bi ni pé ẹlẹ́rìí mélòó ló wà, àti pé ṣé wọn kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn tẹ́lẹ̀. Ìwé kan, ẹlẹ́rìí kan ni. Àgbà kan, ẹlẹ́rìí kan ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìwé kò sì yọ nínú òfin yìí. Àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ nílùú wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ìgbà ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie, tí ó ti Gold Coast dé ìgbìmọ̀ adájọ́ London ní 1957, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé bí ìtàn ìdílé méjì bá kọlu ara wọn, kí adájọ́ má wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Kí ó fi ìtàn méjèèjì wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé láìpẹ́, kí ó mọ èyí tó bá a mu.

Irú ẹlẹ́rìí wo wá ni ìwé kọ́ńtì? Kọ́ńtì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ó ní ilé ẹjọ́ àti ìwé tirẹ̀. Ní Alabama, ọ́fíìsì adájọ́ ogún ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀, ìwé ìpíngún, ìwé gbèsè àti ìwé ìgbéyàwó sí. Kí ẹni tó ni nǹkan má bàa pàdánù rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ púpọ̀ nínú wọn. Bí olówó ẹrú bá kú, àwọn ọkùnrin kan a wá díye lé ohun tó fi sílẹ̀. Wọn a yí gbogbo ilé ká, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀: ìbaaka kan, iye báyìí, ìkòkò irin méjì, iye báyìí, obìnrin kan, orúkọ rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, iye báyìí. Ọmọ ọwọ́ yẹn ni olùwádìí ń wá. Kì í ṣe pé akọ̀wé fẹ́ sọ ẹni tó bí ta. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé ìyá àti ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wà lórí ìlà kan náà. Ìwé gbèsè náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yá owó láti fi gbin òwú a fi ènìyàn dógò, a sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. (Ẹ má fi wọ́n wé ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a padà sílé bàbá rẹ̀ bí a bá san gbèsè; àwọn wọ̀nyí, bí a bá tiẹ̀ san gbèsè, ẹrú ni wọ́n ṣì ń jẹ́.)

Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1850 àti 1860, abẹ́ orúkọ olówó ni wọ́n to àwọn ẹrú sí: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara. Wọn kì í kọ orúkọ. Ọdún 1870 ni ìkànìyàn kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti ń dí mọ́ ọ̀pọ̀ olùwádìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ ẹni tó ra ìyá ìyá rẹ̀, kí ó wá máa tọ ìwé onítọ̀hún lẹ́yìn. Iná ba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn 1890 jẹ́ ní Washington ní 1921. Ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn olùdìbò Alabama ti 1867 wà, tí orúkọ àwọn ọkùnrin dúdú wà nínú rẹ̀. Ìwé báńkì àwọn tó gba òmìnira náà wà, Mobile sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Èyí ló máa ń ká mi lára jù. Báńkì náà fọ́ ní 1874, owó àwọn tálákà wọmi. Ìbéèrè tí akọ̀wé ń bi ẹni tó wá fowó pamọ́ ló kù sílẹ̀: ta ni bàbá rẹ, ta ni ìyá rẹ, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò rẹ dà?

Ẹ wá wo bí ìwé ṣe lè dákẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1860 ni òfin fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn. Oṣù Keje ni Clotilda dé. Bí a bá tẹ̀ lé òfin náà, kò sí bí Kossola ṣe lè wà nínú ìwé kíka ẹrú ọdún yẹn; nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ló fi pẹ́. Ká ní ó tiẹ̀ tètè dé, ta ni yóò kọ ọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ohun tí Timothy Meaher tó rán ọkọ̀ náà ṣe. Wọ́n kó àwọn ènìyàn náà pamọ́ sínú àbàtà, ọ̀gá ọkọ̀, William Foster, dáná sun ọkọ̀, ẹjọ́ tí ìjọba pe Meaher sì túká ní 1861 nítorí pé ẹ̀rí kò sí. Àwọn tí ìdákẹ́jẹ́ ìwé náà ṣe láǹfààní ló ṣètò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi ń sọ pé àhesọ ni ìtàn Clotilda.

Ẹnu ni ìtàn náà gbé. Kossola sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston ní 1927 àti 1928. Ìwé Barracoon tó ti inú rẹ̀ jáde kò dé ọwọ́ òǹkàwé títí di 2018. Ní oṣù Karùn-ún 2019, ìjọba Alabama kéde pé àwókù ọkọ̀ tí wọ́n rí nínú odò Mobile, Clotilda ni. Pákó tó ti wà nínú ẹrẹ̀ láti 1860 kò jókòó ti Kossola gbọ́ ìtàn rí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rí rẹ̀ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé èmi wá ń gbè sẹ́yìn ẹnu àgbà, kí ó rántí Alex Haley. Ìwé rẹ̀, Roots, tó jáde ní 1976, ló sọ títọpa ìran di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Haley ní ọkọ̀ Lord Ligonier ló gbé bàbá ńlá òun, Kunta Kinte, láti Gambia dé Annapolis ní oṣù Kẹsàn-án 1767, pé òun náà ni Toby tí John Waller fi fún William Waller pẹ̀lú ilẹ̀ nínú ìwé ọdún 1768 ní kọ́ńtì Spotsylvania, Virginia. Ìwé ilẹ̀ yẹn wà lóòótọ́. Ní 1981, Gary Mills àti Elizabeth Shown Mills padà lọ ka ìyókù ìwé kọ́ńtì náà. Toby àwọn Waller ti wà nínú ìwé láti nǹkan bí 1762, ọdún márùn-ún kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé owó orí 1782, a kò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ Haley sọ pé nǹkan bí 1790 ló bí Kizzy.

Orúkọ kan ṣoṣo lójú ewé kan ṣoṣo ni Haley gbé gbogbo ilé lé. Ẹni tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní Gambia kò sàn jù. Donald Wright fi hàn lọ́dún kan náà pé Haley ti sọ ìtàn tó ń wá fún àwọn ènìyàn níbẹ̀ kí asọ̀tàn kan, Kebba Fofana, tó ròyìn rẹ̀ fún un ní Juffure. Ohùn ara rẹ̀ ló padà gbọ́. Mi ò pe Haley ní òpùrọ́ o. Ẹni tó ti ń wá ìyá rẹ̀ tipẹ́ yóò dá gbogbo obìnrin dúró lọ́jà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìwé rẹ̀ àti àṣìṣe ẹnu rẹ̀, àṣìṣe kan náà ni.

Orúkọ ló ń tan ènìyàn jù. Hannah Durkin kọ̀wé ní 2020 nípa obìnrin kan tí Clotilda gbé dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nígbà tí kò tí ì ju nǹkan bí ọmọ ọdún méjì lọ. Abake lorúkọ rẹ̀. Ó di Matilda, ó di Creagh nítorí ẹni tó rà wọ́n, òun fúnra rẹ̀ sì yí i sí McCrear. Ẹni tó bá ń wá McCrear kò ní rí Creagh, ẹni tó bá ń wá Creagh kò ní rí ibi tó kú sí. Ní 1931, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rin bíi máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ kọ́ńtì Dallas ní Selma pé kí ìjọba san owó gbà-má-bínú fún òun. Wọ́n lé e padà. Ìròyìn tí ìwé ìròyìn Selma gbé nípa rẹ̀ ló ran Durkin lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó ti lé ní 80 ọdún kò mọ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn ni ìyá àgbà òun ti wá. Matilda kú ní 1940.

Níbi orúkọ yìí ni ọmọ Yorùbá ti wúlò fún olùwádìí ará Alabama. Ẹni tó gbọ́ Abake lásán, orúkọ kan ni fún un. Àwa gbọ́ oríkì tí wọ́n fi ń kẹ́ ọmọbìnrin. Bákan náà, Diouf dá a lábàá pé Oluale, orúkọ bàbá Kossola, ló di Lewis lẹ́nu àwọn aláwọ̀ funfun. Etí wa yóò fẹ́ sáré kọ ọ́ ní “Olúwálé” pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Kí a rọra. Etí wa náà, ẹlẹ́rìí kan ni, ó sì ti ní ohun tó ń fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀, bíi ti Haley.

Èyí ni mo fi gbà pé ìwádìí ìran kò ṣe é dá ṣe, àti pé ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é pọ̀ ń ṣe é lódì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan a kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn a dà á kọ, wọn a ní ọgọ́rùn-ún ìdílé ló jẹ́rìí sí i. Ẹlẹ́rìí kan náà ló ń fi ọgọ́rùn-ún ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ fi ìyẹn wé iṣẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda tó lé ní 25,000 ṣe láàárín 2015 àti 2016, nígbà tí FamilySearch ń ṣe atọ́ka ìwé ọ́fíìsì tó bójú tó àwọn tó gba òmìnira, tí wọ́n fi yọ orúkọ bíi mílíọ̀nù 1.8. Ẹni méjì a ka ojú ewé kan náà láìrí iṣẹ́ ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ẹnìkẹta a dá a. Ọ̀nà tí Elizabeth Mills fi ń kọ́ àwọn olùwádìí náà sún mọ́ èyí: má wá bàbá rẹ nìkan, wá aládùúgbò rẹ̀, wá ẹni tó dúró fún un nígbà ìgbéyàwó, wá ẹni tí ilẹ̀ wọn pààlà. Àwọn ọmọ olówó ẹrú pàápàá wà lára ẹni tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ ń korò lẹ́nu. Àwọn ìwé kan kò dé kọ́ńtì rí, inú àpótí ìdílé tiwọn ni wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà yìí padà sí Mobile. Ní 1872, Kossola fi dọ́là 100 ra ilẹ̀ bí éékà méjì. Ìwé ìgbéyàwó tẹ̀ lé e ní 1880, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìkànìyàn ọdún yẹn fi bẹ̀rẹ̀, àkọ́kọ́ tó béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí olórí ilé, àti ibi tí wọ́n ti bí bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọpa Celia, kí ó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìwé ìgbéyàwó, kí ó sì ka ilé mẹ́wàá tó ṣáájú tirẹ̀ àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e.