Kétu tí Ogun Kó, Kétu tí Ó Padà Wálé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rọ̀gbà yí wọn ká, ẹ fetí sílẹ̀ kí n ròyìn ìlú tí wọ́n pa, tí kò kú.

Láàárín odò Wẹ́mẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti odò Yewa ní ìlà-oòrùn, ní orílẹ̀-èdè Benin, òkè ọ̀dàn kan tẹ́ rẹrẹ, ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Iṣu ń ta níbẹ̀, àgbàdo ń yọmọ, omi ni kò sí. Odò kankan kò ṣàn gba àárín ìlú. Omi òjò ni wọ́n ń gbè sí ìkòkò, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ lò títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Ọba Èdè yàn láti tẹ Kétu dó sí. Àwọn baba wa pìtàn pé láti Ifẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ ti ṣí, pé wọ́n tẹ̀dó sí Aró, kí ọdẹ Alálúmọ̀n tó ṣáájú wọn la ọ̀dàn já. Wọn kò ní iná lọ́wọ́. Ọwọ́ ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n ti tọrọ iná, ìyá náà sì fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú ká, wọ́n mọ odi tì í, wọ́n sì fi Akaba Ìdènà ṣe ẹnu ibodè.

Ní January 1853, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wọ ìlú náà, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ta ló mọ̀ nígbà náà pé ọgbọ̀n ọdún péré ló kù?

Ní 1883, ogun Dàhòmì tí Ọba Glele rán já lu Kétu, orí Alákétu Ojeku, ọba ìlú náà, sì bá a lọ. Ní 1886 wọ́n tún dé. Odi dúró, yàrà dúró, Akaba Ìdènà kò mira. Ohun tí ìbọn kò rí ṣe, ẹnu dídùn ló ṣe é! Ebi ti há ìlú mọ́, ọ̀tá sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá jọ sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Àwọn olórí ogun Kétu jáde tọ̀ wọ́n lọ, ọ̀tá sì dè wọ́n lókùn. Háà, inú ọmọ ènìyàn jìn! Iná jó ilé ọba, iná jó ilé ìwọ̀fà. Ẹni tí idà kò pa, okùn mú un, wọ́n sì dà wọ́n gba ọ̀nà Àgbómì, olú ìlú Dàhòmì, lọ. Fún nǹkan bí ọdún méje, koríko ló jọba ní Kétu.

Kì í ṣe àwọn yìí nìkan ni wọ́n kó lẹ́rú lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń ta ọmọ Kétu kọjá òkun dé Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn olórìṣà ti ń pe ìran ara wọn ní Kétu títí dòní, tí ilé òrìṣà kan ní Salvador sì ń jẹ́ Alákétu.

Ní November 1892, Ọ̀gágun Dodds kó ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómì, Ọba Béhanzin ti Dàhòmì sì sá. Faransé kò tìtorí Kétu jagun, ilẹ̀ ni wọ́n wá gbà. Ṣùgbọ́n okùn já. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó lè jókòó síbi tí omi gbé pọ̀, ẹni tí ó lè dáko sí ilẹ̀ tí kò sí sàréè baba rẹ̀, òun ló gbé ẹrù karí, ìyá pọn ọmọ tí kò fojú kan Kétu rí, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, sí orí òkè tí kò lómi! Wọ́n ṣán koríko, wọ́n ń wá ojúlé baba wọn nínú àwókù, ní 1894 Onyegen sì gorí ìtẹ́ Alákétu.

Akaba Ìdènà ṣì ń bẹ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwọn ará Kétu ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀, ṣì ń jáde láti fi júbà àwọn ìyá, UNESCO sì kà á mọ́ ìṣúra gbogbo aráyé ní 2001. Bí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n bá ń kí àwọn ìyá wa, ẹ bá mi kí èyí tó pọn ọmọ kúrò ní Àgbómì.