Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ní Erékùṣù Bali

Bí a bá dárúkọ Bali, erékùṣù tí ń bẹ ní ìlà-oòrùn Java ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ijó àti etíkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ìlú wọn dúró kì í ṣe ijó.

Àdúgbò wọn ni à ń pè ní banjar. Ọkùnrin tí ó bá gbéyàwó ni ó di ọmọ banjar tòótọ́. Ìlù onígi kan, kulkul, a máa so rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Bí a bá sì ti lù ú, ìró rẹ̀ ni wọn ó fi mọ̀ bóyá ìpàdé ni, tàbí òkú, tàbí iná. Ẹni tí ó kọ̀ tí kò jáde yóò san owó ìtanràn. Ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún tẹ́ḿpìlì láìgba kọ́bọ̀ ni ngayah.

Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Òkúta àti idẹ tí a kọ̀wé sí ní ọ̀rúndún kọkànlá ti sọ nípa subak, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ń pín omi sí oko ìrẹsì. Nígbà tí àwọn ará Hólàǹdì fi ìbọn gba gúúsù erékùṣù náà láàrin 1906 àti 1908, wọ́n fi agbára mú àwọn ará ìlú la ọ̀nà. Ẹ kíyèsí i: ọwọ́ kan náà ni, ọkọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀wẹ̀ mọ́.

Àwọn tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ẹgbẹ́ tiwọn, sekaa teruna-teruni. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún àlejò níbi ìnáwó, wọ́n ń gbá àyíká mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè ni wọ́n ti ń ṣe ogoh-ogoh káàkiri, ère ẹ̀mí búburú ràgàjì tí wọ́n ń fi ọparun àti ìwé kọ́ ní òròòru fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú Nyepi, ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn, àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ ní ń fi èjìká gbé e kiri ìlú.

Lónìí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura, ọ̀gá ibẹ̀ kò sì gbọ́ èdè kulkul. Àwọn banjar mìíràn ń gbà kí a san owó dípò ara. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n owó kò ní èjìká tí yóò fi gbé òkú lọ sí ibi ìsun. Ti Nyepi nìkan ni kò ní ìpààrọ̀: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iná ti kú, ọ̀nà ti dá, pápá ọkọ̀ òfurufú pàápàá ti pa, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.