Òṣùwọ̀n Tó Bí Ìṣirò

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.



Gbogbo wa la mọ̀ pé Sūratu Rahmān dárúkọ òṣùwọ̀n, tó sì kìlọ̀ fún wa nípa dídín in kù. Bí a bá ń ṣe wáásí lórí rẹ̀, ọlọ́jà tó ń rẹ́ni jẹ la sábà máa ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní Baghdad àtijọ́, àwọn onímọ̀ kan jókòó ti òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, wọ́n ń wádìí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìṣirò tuntun sì ti ibẹ̀ jáde. Mo sọ èyí nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé inú ìwé nìkan ni ìṣirò ti ń wá.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní qarastūn. Apá rẹ̀ kan kúrú, èkejì gùn. Kìlógíráàmù 6 tó jìnnà sí ibi ìkọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 5 yóò bá kìlógíráàmù 1 tó jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 30 dọ́gba. Àwọn ará Gíríìkì ti mọ ìyẹn tipẹ́. Àmọ́ ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ wúwo! Bí a kò bá ka ìwúwo rẹ̀ sí, ẹnì kan á pàdánù lọ́jà.

Thābit ibn Qurra, tó kú ní 901, kọ ìwé lórí rẹ̀. (Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ìtàn: Thābit kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹlẹ́sìn Sābi ni, láti Harrān.) Ó ní a lè fi ẹrù kan ṣoṣo tó wà ní agbedeméjì rọ́pò ìwúwo tó tàn ká gbogbo gígùn ọ̀pá. Láti fi ẹ̀rí ìyẹn hàn, ó ní láti ṣírò ohun tí kò ṣe é kà ní ẹyọ-ẹyọ: ìwúwo tó wà níbi gbogbo lára ọ̀pá láìsí àlàfo. Ìbátan rẹ̀ ni integration tí wọ́n ń kọ́ yín lónìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Abū Sahl al-Qūhī dé, ẹni tó ṣe olórí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní Baghdad fún Sharaf al-Dawla ní 988. Wọ́n ní ìgò ló ń jù sókè tó ń hán lọ́jà kí ó tó di onímọ̀. Òun ń wá ibi tí nǹkan ti máa ń dúró déédéé bí a bá gbé e lé orí ìka. Tí a bá wọ̀n ọ́n láti ìdí, ti onígun mẹ́ta jẹ́ 1/3 gíga rẹ̀, ti parabola jẹ́ 2/5. Ti ohun tó ṣe ṣóńṣó bí òkòtó jẹ́ 1/4, ti parabola tí a yí po jẹ́ 2/6, ti ààbọ̀ bọ́ọ̀lù jẹ́ 3/8. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra! Ó ku ààbọ̀ òbìrí, èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé 1/3 àti 2/5. Al-Qūhī ní 3/7 ni.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àyíká òbìrí jẹ́ ìlọ́po 3 àti 1/9 ìbú rẹ̀. Archimedes sì ti fi ẹ̀rí hàn pé ó ju 3 àti 10/71 lọ. Abū Isḥāq al-Sābī, akọ̀wé ìjọba tí òun àti al-Qūhī jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn, bi í léèrè nípa èyí. Ọ̀gá kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ti Archimedes ló ń ṣiyèméjì sí. Lẹ́tà wọn wà títí dòní.

Ẹ gé páálí ní ààbọ̀ òbìrí, kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín dé etí. Ti al-Qūhī á jẹ́ 4.29 láti ìdí. Òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 4.24. Ìdajì mìlímítà péré! Ìka kò lè mọ̀ ọ́n, ojú kò lè rí i. Ẹ̀rí Archimedes ló mú un.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, in shā Allāh.