Ohùn ló bí okumak, kì í ṣe ọfà

Àlàyé kan gbilẹ̀ láàárín àwọn ará Tọ́kì nípa okumak, ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún ìwé kíkà, pé inú ok, èyí tí í ṣe ọfà, ló ti jáde, nítorí wọ́n ní àwọn baba ńlá wọn a máa fi ọfà ránṣẹ́ pe ènìyàn sí ogun. Ìtàn náà dùn, ó sì yẹ àwọn jagunjagun orí ẹṣin, ṣùgbọ́n èdè wọn fúnra rẹ̀ kò gbè é lẹ́yìn. Bí Tọ́kì bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀-orúkọ di ọ̀rọ̀-ìṣe, àfòmọ́ -la- ni ó sábà máa ń fi kún un, bí baş, orí, ṣe di başlamak, bẹ̀rẹ̀. Ok sì ti ní oklamak tirẹ̀, tó túmọ̀ sí títa nǹkan lọ́fà.

Okı- ni ìpìlẹ̀ okumak láyé àtijọ́. Mahmud al-Kashgari, tó fi èdè Lárúbáwá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọn Tọ́kì nínú ìwé tó kọ ní Baghdad láàárín 1072 sí 1074, fún un ní ìtumọ̀ pípe ènìyàn àti ti kíka ìwé. Pípè ló ṣáájú, nítorí ọ̀pọ̀ ibi tí okumak ti ń ṣiṣẹ́ títí dòní ni kò sí ìwé rárá, tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ezan okumak ni iṣẹ́ ládàánì tó ń pe ìrun. Türkü okumak ni kí ènìyàn kọ orin ìbílẹ̀. Lanet okumak ni èpè ṣíṣẹ́. Meydan okumak, tí meydan inú rẹ̀ jẹ́ gbangba ìta, ni kí akọni pe alátakò rẹ̀ jáde wá jà. Ní àwọn abúlé Anatolia, okuntu ni ẹ̀bùn kékeré, bí aṣọ tàbí táwẹ̀lì, tí olórí ìgbéyàwó fi ń pe àlejò. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀, tó sì tún ń pe ọfọ̀.

Àwọn mìíràn a tọ́ka sí okul, ilé-ìwé, bí ẹni pé òun ló fi hàn pé ìwé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn alátùn-únṣe èdè fi ìpìlẹ̀ oku- ṣẹ̀dá okul, kó lè rọ́pò mektep ti Lárúbáwá, ìró école ti Faransé sì ń dún létí wọn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ohun tí okı- túmọ̀ sí nígbà ayé al-Kashgari.