Òyìnbó Inú Àpò: Eré Apidán kan ní Ọ̀yọ́ Ilé, 1826

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, àwọn eléégún apidán ṣeré níwájú ààfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Kàtúngà. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, wà lára àwọn òǹwòran. Ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú sí Sókótó. Lára ohun tí Joel Adédèjì àti àwọn onímọ̀ mìíràn gùn lé nígbà tí wọ́n ń tọpa eré Alárìnjó ni ìwé yìí.

Àwọn ìyàwó ọba ń kọrin láàárín ìran kan àti èkejì, èrò sì ń gbè é. Ṣùgbọ́n nínú ìran gan-an, Clapperton kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹnu kankan. Àwọn tó wà nínú àpò kọ́kọ́ jó, wọ́n sì tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni erè yọ orí jáde láti inú àpò. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Aṣọ tí a kùn lọ́dà ni awọ rẹ̀, ènìyàn ni ó sì ń mú un rìn bí ọmọlangidi. Ọkùnrin kan fi idà bá a jà títí wọ́n fi gbé e kúrò lójú agbo.

Ìran kẹta ni ó mú kí ariwo sọ. Àpò kan ń yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun hàn, lẹ́yìn náà gbogbo ara: òyìnbó kan tó rù hangogo, tó ń fa áṣáà símú, tó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, tó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Àwọn èrò ń rọ àlejò náà pé kí ó wò ó dáadáa. Ó ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn; ó sì gbà pé òṣèré náà mọ iṣẹ́.

Clapperton kọ ọ́ pé òtútù ni ó ń mú ère náà, pé ó ń rìn bí òyìnbó tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó dì. Ibí yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró. Ta ni ó rí ilẹ̀ tó dì rí ní Ọ̀yọ́? Clapperton ni, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lórí àwọn adágún Kánádà. Yìnyín inú ìtumọ̀ náà, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti wá. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí àwọn apidán rí rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí kò lè rìn láìsí bàtà. Nítorí pé ère náà kò sọ̀rọ̀, olúkúlùkù fi ojú ilẹ̀ tirẹ̀ kà á, ìkàwé ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì wọ inú ìwé. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ náà máa ń ka òtútù yìí mọ́ eré fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ni ìgbà tí wọ́n ṣe ère náà. Clapperton kò tíì lò ju nǹkan bí oṣù kan lọ ní ìlú náà. Bóyá òun gan-an ni wọ́n wò ṣe é. Bóyá sì ni àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ti mú ìròyìn òyìnbó bọ̀ ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ ti ìkejì, a jẹ́ pé òyìnbó ti di ẹni eré ní Ọ̀yọ́ kí òyìnbó tó dé ibẹ̀.

Kò tó ọdún 15 lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú. Àwọn apidán fọ́n ká pẹ̀lú àwọn yòókù, òyìnbó sì bá wọn lọ: ní ọ̀rúndún ogún, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ó ṣì ń jáde lójú agbo, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì dì mọ́ra bí wọ́n ti ń jó.