Ta Ló Ni Òfin Whot? Ìtàn Káàdì Kan ní Festac

Ní Kérésì ọdún kan, àwa ọmọ àdúgbò kan ní Festac ṣe ìdíje Whot, ó sì dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ní àṣekágbá. Ọ̀kan ju 2 sílẹ̀, ó ní "Pick two!" Èkejì kò lọ sọ́jà. Ó fi 2 tirẹ̀ lé e, ó ní kí ẹni tó kọ́kọ́ jù ú mú mẹ́rin. Ni ariwo bá sọ. Nílé ọ̀kan, 2 kò lè dí 2 láéláé. Nílé èkejì, bí wọ́n ṣe ń ta á láti kékeré nìyẹn. Páálí malt kan ni ẹ̀bùn. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, wọn ò sì kí ara wọn títí Ọdún Àjíǹde fi dé.

Ta ló jàre? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Whot ti wá. William Henry Storey ló dá a sílẹ̀ ní 1935, ilé-iṣẹ́ Waddingtons sì tà á káàkiri. Páálí tí à ń rà níbí ní káàdì 54: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti 20 márùn-ún tí a kọ Whot sí lára. Kò sí 6, kò sí 9.

Ẹ wá mú 14 kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Àwòrán àti nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí gbogbo ilé lọ sọ́jà. 1 ni hold on, 2 ni pick two, 5 ni pick three, 8 ni suspension, 14 ni general market: ẹnu la fi ń gbé gbogbo rẹ̀ kiri. (Ìwé òfin inú páálí? Òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù.)

Magic: The Gathering, tí Richard Garfield ṣe, tí Wizards of the Coast sì gbé jáde ní 1993, kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára káàdì kọ̀ọ̀kan wà ní kíkọ lójú rẹ̀. Bí káàdì méjì bá forí gbárí, ilé-iṣẹ́ náà ló ń sọ bí yóò ṣe jẹ́, adájọ́ sì máa ń wà níbi ìdíje ńlá. Láti 1994 ni wọ́n ti ń ṣe àkójọ káàdì tí wọ́n fòfin dè. Contract from Below, tó jẹ mọ́ fífi káàdì ẹni ta tẹ́tẹ́, kò gbọdọ̀ dé ibi ìdíje. O lè fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ilé ni wàá fi í sí.

Ta ni yóò ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún Festac? Wọ́n kọ́ ìlú yìí láti gba àlejò FESTAC '77, tó wáyé láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìjọba fi kèké pín àwọn ilé náà. Bí ará Abẹ́òkúta ṣe di aládùúgbò ará Calabar àti ará Enugu lórí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo nìyẹn. Nínú agbo ilé, ẹ̀gbọ́n kan ló máa ń kọ́ gbogbo ọmọ ní Whot, òfin kan náà ni wọ́n sì mọ̀. Ní Festac, fúláàtì kọ̀ọ̀kan ló gbé òfin tirẹ̀ wá. Mo rò pé ìdí nìyí tí ìbéèrè fi máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó pín káàdì: Ṣé à ń dí? Ṣé èèyàn lè fi 20 parí? Ṣé ìlọ́po méjì la máa ka ìràwọ̀?

Whot ti wọ orí fóònù báyìí. Bí ẹ̀rọ bá ní 2 kò dí 2, kò dí náà nìyẹn; ẹ ò rí ẹni bá jà. Ọmọ tó bá kọ́ ọ níbẹ̀ á máa rò pé òfin kan ṣoṣo ló wà láyé. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìdíje kò ṣeé ṣe láìsí òfin kan.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn kò jẹ̀bi. Àwa tí a ṣètò ìdíje la jẹ̀bi: a ti ra malt kí a tó béèrè bóyá à ń dí. Àwọn òǹwòran ló mu ún.